Bọ́tìnnì Tí Mo Ṣí Nípò

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni bàbá mi ṣe títí ọjọ́ ogbó fi dé bá wọn. Wọ́n ń fi òwú ṣe ọnà sí ọrùn agbádá, sí àyà rẹ̀ àti sí ẹnu àpò. Ọwọ́ bàbá tiwọn ni wọ́n ti kọ́ ọ, ní àdúgbò Akron níbí, nínú yàrá tó kọjú sí títì, tí àwa ọmọ ń pè ní ìsọ̀. Ìyá mi ní tiwọn ń ta òwú ní ọjà Ouando. Èmi ni àbígbẹ̀yìn, èmi nìkan sì ni obìnrin, bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí n jókòó sínú ìsọ̀ nígbà tí wọ́n bá lé àwọn ẹ̀gbọ́n mi jáde.

Gbogbo nǹkan ló ní ilé tirẹ̀ nínú ìsọ̀ yẹn. Àlùmọ́gàjí wà lápá ọ̀tún, òwú wà níwájú, abẹ́rẹ́ wà nínú agolo kan lápá òsì. Bàbá mi kì í wo ibi tí ọwọ́ wọn ń lọ. Ojú wọn á wà lára aṣọ, ọwọ́ á nà, á sì mú ohun tó ń wá bọ̀. Nígbà tí mo wà ní bí ọmọ ọdún méje, mo fi àlùmọ́gàjí gé bébà ṣeré, mo sì dá a padà sápá òsì, ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sókè. Bàbá mi nawọ́ láti mú abẹ́rẹ́, àlùmọ́gàjí sì gún wọn wọ àtẹ́lẹwọ́. Wọn kò nà mí. Wọ́n fi àkísà di ọwọ́ náà, wọ́n ní kí n jókòó.

“Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀,” ni wọ́n wí. “Bí o bá ṣí nǹkan nípò, ẹni tó gbọ́kàn lé e lo ṣe léṣe.”

Mo gbọ́. Ó sì yẹ kí n rántí, nítorí iṣẹ́ tí mo wá yàn láàyò kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Mo lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní Kútọnù, mo sì rí iṣẹ́ sí bùrò kan níbẹ̀. Àwa la máa ń kọ ètò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì: ètò fún ilé ìwòsàn, fún ilé ìwé, fún àwọn tó ń tọ́jú ìwé. Ojoojúmọ́ ni à ń pinnu ibi tí bọ́tìnnì kan yóò wà lójú ẹ̀rọ, àwọ̀ tí yóò ní, àti ọ̀rọ̀ tí a ó kọ sí i lára.

Nígbà tó di ọdún kejì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Dókítà ní iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀, ohun tó sì ti kú nínú rẹ̀ kò ṣeé jí mọ́. Ó fún wọn ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú kí èyí tó kù má baà tètè lọ. Rírán aṣọ kò kọ́kọ́ jẹ́ ìṣòro, nítorí wọ́n ní ọmọṣẹ́ àgbà kan, ọkùnrin tó ti níyàwó tó sì ti bímọ, tó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Yíya ọnà ni ìṣòro. Kí a tó rán ọnà kan, orí bébà la ti máa ń yà á. A ó fi abẹ́rẹ́ lu ihò wẹ́wẹ́ tẹ̀lé ìlà rẹ̀, a ó gbé bébà náà lé aṣọ, a ó sì fi ẹfun lílọ̀ nu orí rẹ̀ kí ìlà lè jáde sára aṣọ. Bàbá mi nìkan ló ń ya ìlà yẹn. Nígbà tí wọn kò rí i mọ́, wọ́n gbé pẹ́ńsù jù sílẹ̀, wọ́n sì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń kí àwọn tó ń kọjá nípa ohùn wọn.

Mo wá kọ ètò kan fún wọn. Mo gbé kọ̀ǹpútà kan wá láti Kútọnù, èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, mo gbé e ka orí tábìlì nínú ìsọ̀. Nínú ètò náà, èèyàn lè ya ìlà, kí ó sì fẹ̀ ẹ́ títí ìlà tó tín-ín-rín bí irun yóò fi tóbi bí okùn. Nígbà tó bá parí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà. Nítorí pé bàbá mi kò ka Faransé dáadáa, Yorùbá ni mo kọ sí gbogbo bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì tí wọn yóò tẹ̀ kí ẹ̀rọ lè tọ́jú ọnà tí wọ́n yà, mo pè é ní Pamọ́. Èyí tí yóò nù ún kúrò, mo pè é ní Parẹ́.

Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra wọn jù. Lẹ́tà mẹ́rin mẹ́rin ni, méjì àkọ́kọ́ sì bára mu. Fún ojú bíi ti bàbá mi, ohun kan náà ni wọ́n. Ohun tó gbà wá ni pé Pamọ́ wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún nínú gbogbo ojú-ewé ètò náà, Parẹ́ sì wà lókè pátápátá lápá òsì. Mi ò fi ọgbọ́n kankan ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo kàn kọ ojú-ewé kan, mo sì ṣe àwọn tó kù bíi tirẹ̀ nítorí pé ìyẹn ló yá jù.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún wọn pé eku là ń pe ohun tí a ń fi ọwọ́ tì kiri lórí tábìlì. Wọ́n bi mí pé ṣé gbogbo àwa ọ̀mọ̀wé náà kò rí orúkọ mìíràn ni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Lẹ́yìn oṣù kan, mo dé láti Kútọnù ní ọ̀sán Sátidé, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ láìsọ̀rọ̀. Bàbá mi parí ìlà kan. Wọn kò wá bọ́tìnnì. Wọ́n ti eku náà sápá ọ̀tún, wọ́n tì í sísàlẹ̀, títí atọ́ka fi dé igun tí kò lè kọjá mọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Ojú wọn kò kúrò lára ìlà. Bí wọ́n ṣe máa ń mú abẹ́rẹ́ gan-an nìyẹn.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ báyìí, inú wọn sì dùn. Wọ́n ya gbogbo ọnà tí wọ́n mọ̀. Àwọn èèyàn ń ti Akpro-Missérété wá fún ọnà ọrùn tí wọ́n ń pè ní Ojú Àdàbà. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn ọnà bàbá tiwọn, èyí tí ikán ti jẹ bébà rẹ̀ tipẹ́. Orí ni wọ́n ti ń mú un jáde. Wọ́n á jókòó, wọ́n á di ojú, wọ́n á fi ìka ya á sórí itan wọn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ.

Ní ọdún kẹta yẹn, ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé mi wá kí àwọn òbí mi nígbà Iléyá. Ó rí ètò náà lójú ẹ̀rọ, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bọ́tìnnì rẹ̀ dà bíi páálí, pé ta ló ṣì ń ṣe irú ohun tó burẹ́wà báyìí. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń padà lọ sí Kútọnù, ojú ń tì mí. Mo pinnu pé n ó tún un ṣe, kí bàbá mi lè ní ohun tó rẹwà.

Ọjọ́ Sátidé ni mo fi ń ṣe é, ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀, gbogbo ohun tuntun tí mo bá sì kọ́ ní bùrò lọ́sẹ̀ náà ni mò ń fi sí i. Ní ojú-ewé tí wọ́n ti ń ya ìlà, mo gbé Pamọ́ lọ sókè, nítorí ibẹ̀ ni mo rí i nínú ètò kan tó wù mí. Ní ojú-ewé tí ọnà máa ń bọ́ sí gbàrà tí ìlà rẹ̀ bá parí, tí a sì ti ń tún un ṣe, mo kó bọ́tìnnì méjèèjì jọ sísàlẹ̀, Parẹ́ ló sì bọ́ sí igun ọ̀tún. Níbì kan, ètò náà á béèrè pé ṣé kí òun pa ọnà náà mọ́. Níbòmíràn, á béèrè pé ṣé kí òun pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀ni ló kọ́kọ́ wà nínú ìbéèrè méjèèjì. Mo dán gbogbo rẹ̀ wò fúnra mi, pẹ̀lú ojú tó ríran kedere, ó sì ṣiṣẹ́.

Mo gbé e wá fún wọn ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan. Mo fi hàn wọ́n fún bí ààbọ̀ wákàtí. Wọ́n ní ó rẹwà, pé àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti aṣọ àlejò. Mo padà sí Kútọnù.

Kò pẹ́ tí ìyá mi fi pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ bàbá mi kò yé wọn mọ́. Wọ́n ní ó ń sọ pé òun ti ya ọnà kan tán, ọmọṣẹ́ á wá a títí, kò ní rí i. Ó tún ń béèrè lọ́wọ́ wọn pé ṣé lóòótọ́ ni òun jókòó sídìí ẹ̀rọ lánàá àbí òun lálàá ni. Ìyá mi rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n sọ ohun tí gbogbo wa ń bẹ̀rù.

“Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ náà, báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí ti di ẹni tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ kí ó tó kú. Bàbá mi ló tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ń gbé inú ilé wa bí òkùnkùn, nítorí náà kò ṣòro fún wa láti gbà á gbọ́. Èmi tí mo mọ inú ẹ̀rọ náà bí àtẹ́lẹwọ́ mi, èmi tó yẹ kí n béèrè pé níbo ni wọ́n tẹ̀, mi ò béèrè. Mo lọ sílé lọ́sẹ̀ náà, mo jókòó ti bàbá mi, mo sì bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n sinmi, pé wọ́n ti ṣe tó. Wọ́n wo ibi tí ohùn mi ti ń wá, wọ́n sì ní, “O ṣeun.”

Láti ìgbà yẹn, wọ́n ń dín kù. Wọ́n ṣì jókòó sídìí ẹ̀rọ fún oṣù bíi mélòó kan, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wá mọ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ bí nǹkan bá sọnù. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí ọmọṣẹ́ fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà, kí ó sì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nílé tirẹ̀ ní Ouando. Wọ́n dẹ́kun lílọ sí ibi ìsọmọlórúkọ, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé wọn yóò ṣi orúkọ pè. Bí wọ́n bá ń kírun nílé, wọ́n á ní kí ìyá mi jókòó tì wọ́n, kí ó máa ka iye rákà tí wọ́n bá ti kí.

Bí oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí mo gbé ètò tuntun náà wá, Iléyá tún dé. Mo wá sílé. Ọmọṣẹ́ wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun tẹ Ojú Àdàbà jáde, nítorí àwọn ará Akpro-Missérété ń béèrè rẹ̀. Mo ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo ṣí ọnà náà, mo tún ìlà kan ṣe lára rẹ̀, mo tẹ igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún kí ó lè pa á mọ́, ètò béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, mo tẹ Bẹ́ẹ̀ni. Ọnà náà kò sí mọ́.

Mo tún ọ̀rọ̀ ara bọ́tìnnì náà kà. Èmi tí mo kọ ọ́, èmi tí ojú mi kò ṣe nǹkan kan, mo ti tẹ Parẹ́.

Ètò náà máa ń kọ gbogbo ohun tí a bá tẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nínú ìwé kan tí èmi tí mo kọ ọ́ nìkan lè ṣí. Mo ṣí i. Mo kà á láti ọ̀sán títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́. Bàbá mi ya ọnà kan, ọ̀kan lára ti bàbá wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Àwọ̀n Ọ̀sà. Wọ́n yà á tán, wọ́n lọ sí igun ọ̀tún, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó parẹ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wá a, wọn kò rí i, wọ́n sì tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún tẹ igun kan náà. Ìgbà márùn-ún ni wọ́n ya Àwọ̀n Ọ̀sà. Ìlà tí wọ́n fà nígbà kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé náà pẹ̀lú iye rẹ̀, iye náà kò sì yàtọ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́ dé ìgbà karùn-ún. Wọn kò gbàgbé ohunkóhun. Ọnà tí wọn kò rí láti ìgbà èwe wọn, wọ́n mú un jáde lórí nígbà márùn-ún, kò sì yẹ̀. Lẹ́yìn ti karùn-ún ni wọ́n ní kí wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀rọ.

Ìgbà yẹn ni mo rántí àlùmọ́gàjí àti àtẹ́lẹwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, mo sì sunkún.

Mo lọ bá wọn nínú yàrá wọn, mo kúnlẹ̀.

“Bàbá, kì í ṣe orí yín ló ń ṣe yín. Èmi ni. Èmi ni mo ṣí bọ́tìnnì nípò.”

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti igun ọ̀tún, mo sọ ti ìbéèrè méjì, mo sọ ti ìgbà márùn-ún. Wọ́n gbọ́ mi dópin. Wọ́n wá ọwọ́ mi, wọ́n sì dì í mú.

“Ọmọ rere ni ẹ́,” ni wọ́n wí. “Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbàgbé nǹkan, báyìí ni èmi náà ṣe máa ń ṣe fún un. Bó bá sọ kọ́kọ́rọ́ nù, mo máa ń ní èmi ni mo gbé e.”

Mo búra. Mo pe ọmọṣẹ́ wọlé kí ó jẹ́rìí, nítorí ó wà níbẹ̀ nígbà tí Ojú Àdàbà parẹ́ mọ́ èmi náà lọ́wọ́. Bàbá mi ń mi orí, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwa méjèèjì bí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá bá ni kẹ́dùn. Gbogbo ohun tí mo bá sọ láti fi hàn pé òótọ́ ni, ìfẹ́ ni wọ́n ń kà á sí.

Lọ́jọ́ kejì, mo dá ètò àtijọ́ padà sórí ẹ̀rọ, pẹ̀lú àwọn ọnà tí mo ti dà kọ sílẹ̀ kí n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ojú Àdàbà wà lára wọn. Mo bẹ bàbá mi títí wọ́n fi wá jókòó. Wọ́n ya ìlà kúkúrú kan. Nígbà tó tó kí wọ́n pa á mọ́, ọwọ́ wọn ti eku sápá ọ̀tún, ó dúró, ó padà sókè, ó tún dúró. Ibi méjì ni mo ti kọ́ ọwọ́ yẹn, kò sì mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́. Atọ́ka náà wà láàárín ojú ẹ̀rọ. Mo fẹ́ gbé ọwọ́ mi lé tiwọn kí n tọ́ ọ sọ́nà, ṣùgbọ́n wọ́n ti dìde.

“Jẹ́ kí n sinmi, ìyá mi,” ni wọ́n wí. “Ìwọ náà lo ní kí n sinmi.”

Wọn kò jókòó síbẹ̀ mọ́. Nígbà òjò tó tẹ̀ lé e, àyà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, wọn kò lò ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ. Títí di ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ni wọ́n mọ gbogbo wa lórúkọ. Wọ́n ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì béèrè pé, “Àbí mo ṣì í?” A ó ní wọn kò ṣì í.

Àwọn ọnà tí wọ́n yà sínú ètò tuntun náà kò padà wá tán. Láti inú ìwé tí ètò náà kọ, mo rí Àwọ̀n Ọ̀sà tò padà, ìlà kan tẹ̀lé ìkejì, ó sì gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn mẹ́rin mìíràn wà tí ìwé náà kò kọ tán, nítorí ibi tí mo ní kí ó máa kọ nǹkan sí tún yàtọ̀ láti ojú-ewé kan sí èkejì. Ìyẹn náà, èmi ni.

Ní bùrò, mo sọ fún ọ̀gá wa pé a kò gbọdọ̀ máa gbé bọ́tìnnì kiri nínú ètò tí ọwọ́ àwọn èèyàn ti mọ̀, bí ohun tuntun náà ti wù kó rẹwà tó. Ó ní yóò mọ́ wọn lára. Mo ní àwọn kan wà tí kì í mọ́ lára, wọn kì í sì í bínú sí ẹ̀rọ, ara wọn ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Ó ní kí n lọ jẹun. Mi ò sọ ìtàn bàbá mi fún un. Títí di òní, wọ́n ń sọ lẹ́yìn mi pé mo le jù lórí ọ̀rọ̀ ojú-ewé.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo lọ bá ìyá mi ní ìsọ̀ wọn ní ọjà Ouando. Àwọn obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ra òwú lọ ni. Ìyá mi ń to èyí tó kù padà sórí pẹpẹ, wọ́n sì bi mí láìyíjú padà.

“Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún bàbá rẹ níjọ́sí, òótọ́ ni àbí o kàn fẹ́ tù ú nínú?”

Mo ní òótọ́ ni. Wọ́n to òwú méjì sí i. Wọ́n wá jókòó sórí àpótí, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo orúnkún wọn.

“Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ fún ọ pé àrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni,” ni wọ́n wí. “Bàbá rẹ gbọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn mi ló wà tí mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù.”

Mo jókòó tì wọ́n. Oníbàárà kan dé, ó béèrè òwú pupa, kò sì sí ẹni tó dìde nínú wa láti dá a lóhùn.